Òkè Kékeré Tó Wà Nínú Ojú Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Òjò ká wa mọ́ pápá. Kí n tó nu gíláàsì awò mi kan tán, omi ti bo èkejì. Àwa mẹ́rin la ń pín ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kan lò. Nígbà tó kàn mí láti wo inú ẹ̀, awò mi gbá ẹnu ẹ̀rọ náà, ó já bọ́, ẹsẹ̀ Gíga sì bà lé e. Gíga ló ga jù nínú wa. Ọmọ tuntun lè sùn nínú bàtà ẹ̀.

"Yéè! Mo ti pa Onígò!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Onígò ni wọ́n ń pè mí láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ yìí, torí awò mi nípọn bí ìdí ìgò. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. Apá òsì awò náà ti kán.

Ni wọ́n bá gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ dúró lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ẹni tí kò ríran dáadáa nìyẹn: di ọ̀pá mú, kí àwọn tó ríran máa ka nọ́ńbà ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò pápá ń bọ̀ lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀, kálukú ló sì máa dá ka tirẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i kà, ó di àtúnṣe ọdún kan gbáko.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ti fi owó ránṣẹ́. Ó ní kí n lọ fi lésà tún ojú mi ṣe, kí n bọ́ lọ́wọ́ awò. Mo ti ń ka ìwé nípa ẹ̀ láti oṣù méjì. Ó tó àkókò kí n wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Lẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ni mo ń lò láti ọjọ́ Ajé. Eruku ò bá a rẹ́.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú tí àwòrán ẹ̀ wà lára gbogbo bọ́ọ̀sì. Ilé Dídán ni mo sọ ọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí abẹ́ àga kí n tó rí àga. Obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ dùn bí oyin gbé omi tútù fún mi, ó pè mí ní "ẹni wa". Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí. Mo yọ lẹ́ǹsì mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nípa ẹ̀.

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín síbí. Ẹ má ṣẹ́jú."

Mo rí òrùka iná funfun, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sínú omi tó dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan ò pé. Obìnrin náà yí kọ̀ǹpútà sí mi, ẹnu mi sì là sílẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ ni! Àwọn ìlà tó ń fi gíga hàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yà wọ́n ní kíláàsì, àwọ̀ ewé níbi tó tẹ́jú, pupa níbi tó ga. Òkè kan ń bẹ níwájú ojú kọ̀ọ̀kan, òkè mímọ́ gaara tí nínípọn ẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ, gbogbo ohun tí mo sì ti rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àárín òkè yẹn ló gbà kọjá. Ojú ìyá mi. Iná àdògán. Ọ̀nà tó gbé mi débí. Mi ò mọ̀ pé mo ru òkè méjì káàkiri.

"Ojú yín dára gan-an fún lésà," Olóhùn Oyin wí. "Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá tètè gbà."

Mo gbà. Mo tún fi ìgboyà tí mi ò mọ̀ pé mo ní bẹ̀ ẹ́ kó tẹ àwòrán náà sórí bébà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo wo bébà náà títí. Orí òkè ọ̀tún yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lójú òsì, orí òkè kò sí láàárín rárá. Ó yẹ̀ sísàlẹ̀, bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn ṣe rí. Ta ni n óò bi?

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Màámi pè.

"Ṣé ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi kàn án?"

"Rárá, Màámi. Ìmọ́lẹ̀ ni."

"Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń gé nǹkan?"

"Lésà ni wọ́n ń pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ṣe é tán."

"Ojú tí Ọlọ́run fi oṣù mẹ́sàn-án ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiwọn? Ó dáa. Wọ́n mà yára o."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ojú tì mí lónìí, ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i torí pé ohun tó ń sọ nìyẹn bí a bá ti wọn nǹkan tán, gba iṣẹ́ wa láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò mọ̀ pé bébà Ilé Dídán wà láàárín tèmi. Ó fà á yọ, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Ilẹ̀ ibo lèyí? Òkè yìí ò jókòó dáadáa o. Ta ló yà á?"

"Ojú mi ni, sà."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi.

"Ojú ẹ?" Ó tún un wò, ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹyin. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan! Ìwọ tí o wọn òpó iná ọgbà yìí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, òpó tí kò ní í fọ́jú láéláé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun kò rín. "Ìwọ̀n kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwọ̀n tí kò bá jáde nílé, kó yípo, kó padà sílé, irọ́ ni títí a ó fi mọ̀. Wá ibòmíì."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ibòmíì tí mo rí, orí ilé àwọn tó ń tún bàtà ṣe ló wà. Àtẹ̀gùn méjìdínlógójì. Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù bá mi gòkè. Kò sí omi tútù, kò sí ilẹ̀ dídán. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí ló wà lójú ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Kí ló ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ni mo ní."

Mo wolẹ̀. "Lẹ́ǹsì ni, sà. Orí àtẹ̀gùn yín ni mo ti yọ ọ́."

Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. "Máa lọ sílé."

Mo rò pé ó ń bínú ni. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Tí o bá jí láàárọ̀, ṣé àmì ìrọ̀rí kì í wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ?"

"Ó máa ń wà, sà."

"Ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ nìyẹn? Lẹ́ǹsì máa ń tẹ ẹyinjú mọ́lẹ̀. Níbi tí o ti kọ́kọ́ lọ, àmì ìrọ̀rí ni wọ́n wọ̀n. Bọ́ ọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ojú ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ká wá wọ̀n ọ́n."

"Sà, wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi níbẹ̀."

"Ṣé ojú ẹ gbọ́ sí i?"

Mo bi í léèrè iye tí n óò san. Ó ní, "Kí lo rà?"

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀ gbogbo àtẹ̀gùn méjìdínlógójì náà. Ẹni tí ebi ń pa kò fẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ ò tíì jinná.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Awò padà dé orí imú. Mo fi téèpù dúdú so apá ẹ̀.

"Ẹ wá wò ó! Onígò ti di Onítéèpù!" Gíga ló wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ohun tó wà lójú pátákó fún mi, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Méje nìyẹn. Kì í ṣe ẹyọ kan." Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mi ò tún mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú ẹ̀.

Ẹtì, ogúnjọ́

Afẹ́fẹ́ tútù. Búrẹ́dì ti gbówó lórí ní ṣọ́ọ̀bù ọgbà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí. "Ẹ ṣé" ni mo sọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Olóhùn Oyin tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí. Òdòdó ló fi parí ẹ̀. Kí n sọ òótọ́: inú mi ń dùn bí fóònù bá ti dún.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Bàbá Ẹ̀rọ wọn ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, á ní kí n dìde, kí n rìn yí yàrá ká, kí n tún wá jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Mi ò wọ awò rí láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin," ó ń fọ́nnu. "Bí ẹni tó ń ta ata tí kò jẹ ẹ́ rí ni mo ṣe rí."

Mo wo kọ̀ǹpútà láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lójú ọ̀tún, òkè ti padà sáàárín, ó rí roboto, ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́ ṣubú. Ojú tèmi! Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó sì ti rántí ara ẹ̀. Lójú òsì, orí òkè ṣì wà nísàlẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin.

Ó lọ pe Dókítà, obìnrin kúkúrú kan tó wọ sálúbàtà. Dókítà fa àga tì mí, kò jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Mi ò ní fi lésà kan ojú yìí."

"Kí ló dé, mà?"

"Gbígbẹ́ ni lésà ń gbẹ́. Awọ iwájú ẹyinjú ló ń fá díẹ̀díẹ̀ kí ojú lè ríran. Ògiri tó ti fẹ́lẹ́, tó ti ń wú síta, ṣé wọ́n ń fá a?"

"Rárá, mà."

"Ògiri tìẹ nìyẹn lápá òsì. Tí mo bá fá a, á dára fún oṣù mélòó kan, wàá máa ròyìn mi kiri pé mo mọṣẹ́. Lẹ́yìn náà á máa wú lọ, kò ní sí awò tó máa lè bá a wí mọ́."

"Ọ̀tún ńkọ́, mà?"

"Ọmọ ìyá ni wọ́n. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun náà."

"Ṣé mo máa fọ́jú ni?"

"Ta ló sọ ìyẹn?" Ó gbá mi lórúnkún. "O tètè dé ni. Oògùn kan wà tí a máa ń kán sí i, ká wá tan iná búlúù lé e lórí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí awọ náà le, kó dúró síbi tó wà. Àmọ́ gbọ́ o, kò ní bọ́ awò kúrò lójú ẹ. Mi ò fẹ́ kó o wá sọ pé mo tàn ẹ́."

Mo ń sunkún báyìí, omi sì ń bọ́ sórí awò. Ó dúró títí mo fi nù ún.

"Má gba èmi nìkan gbọ́. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Má fi tèmi hàn wọ́n kí wọ́n tó ṣe tiwọn."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo délé. Ilé Dídán ní kí n gba àwọn gbọ́. Èyí ní kí n má gba òun gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọdébìnrin tó wọ̀n ọ́n ń yán, kò wo ojú mi bí ènìyàn. Kò mọ Bàbá Ẹ̀rọ, kò mọ ibi tí àtẹ̀gùn méjìdínlógójì wà.

Nígbà tí mo délé, mo lẹ bébà rẹ̀ àti bébà Bàbá Ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, oòrùn sì là wọ́n kọjá. Ìlà bá ìlà. Òkè bá òkè. Àwọn méjì tí kò mọ ara wọn, nínú ilé méjì, pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì, ya nǹkan kan náà tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú lásán rí. Nǹkan náà wà lóòótọ́. Ó wà lára mi. Ó dùn mí, síbẹ̀ mi ò lè kúrò nídìí fèrèsé.

Bébà Ilé Dídán nìkan ni kò bá wọn mu.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Olóhùn Oyin pè. Ọ̀tunla ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi.

Kí n má purọ́ fún ìwé yìí: títí di àárọ̀ òní, ọkàn mi ṣì ń sọ pé bóyá àwọn ló mọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni dùn létí ju rárá lọ. Àti pé ta ni mo jẹ́ tí n óò máa bá dókítà jiyàn?

"Ẹni wa! Ṣé ẹ ti múra?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Mo wọ lẹ́ǹsì lọ́jọ́ tí ẹ wọn ojú mi."

"Ah, ìyẹn ò ní nǹkan kan ṣe. Dókítà ti wo tiyín. Kò sí wàhálà."

"Ìgbà wo ni mo máa rí wọn?"

"Ọjọ́bọ̀ náà ni."

"Kí wọ́n tó ṣe é?"

"Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é."

"Ṣé wọ́n máa tún un wọ̀n?"

"A ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Tí ẹ ò bá wá, ẹ̀dínwó yín á lọ o, ẹni wa."

Láyé mi, mi ò tíì sọ rárá fún àgbàlagbà lórí fóònù rí. Mo dìde dúró kí n tó lè sọ ọ́.

"Mi ò wá mọ́, mà."

Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, oyin ti tán nínú ohùn náà. "Ó dáa." Ó pa fóònù. Mo ṣì wà ní ìdúró fún ìgbà díẹ̀ nínú yàrá, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé ìwòsàn ìjọba lè tan iná búlúù náà, owó tiwọn sì kéré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tuntun ni. Dókítà ní kí ojú òsì má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni tirẹ̀. Mo yan Dókítà.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti orí omi. "Ṣé o ṣì máa wọ awò lẹ́yìn gbogbo ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá mi."

Mo ń gbọ́ ìró omi. "Wọ̀ ọ́, jàre. Orí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo ń náwó sí."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n kán oògùn sí i títí ojú mi fi kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Kí Bàbá Ẹ̀rọ tó wo bí oògùn ṣe wọlé sí, ó yí òrùka kékeré kan ní ẹnu ẹ̀rọ. Dókítà wá wò ó, òun náà kọ́kọ́ yí i. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń yí.

"Ojú tèmi yàtọ̀ sí ti Dókítà," Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Ẹni tó bá jókòó, á yí i bá ojú ara ẹ̀ mu. Ṣé àwọn ẹ̀rọ yín ò ní in ni?"

Wọ́n ní in! Gíga ló máa ń yí tiwa láàárọ̀, á ní, "Mo ti tún un ṣe, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o." Àwọn méjì yòókù ríran bíi tirẹ̀, kò yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò sì béèrè. Látọjọ́ tí mo ti dé, ojú Gíga ni mo fi ń wo inú ẹ̀rọ yẹn.

"Ṣé ẹni tí ojú ẹ̀ burú bíi tèmi lè yí i títí táá fi rí i láìwọ awò?"

"Dánwò. Kò ní gé ẹ lọ́wọ́."

Wọ́n tan iná náà. Búlúù bo gbogbo nǹkan. Kò sí ògiri, kò sí òkè àjà, kò sí èmi. Mo wà nínú búlúù náà bí ẹja ṣe ń wà nínú omi. Mo mọ̀ pé okùn tín-ín-rín tín-ín-rín nínú awọ ojú mi ń di ara wọn mú níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láìpariwo. Bàbá Ẹ̀rọ ń ka ìṣẹ́jú. "Mọ́kànlá. Ò ń ṣe dáadáa, ọmọ mi. Méjìlá."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ta mí bí ẹni fi ata sí i. Wọ́n ti fi aṣọ bo ojú òsì mi. Gíga mú ìwé kíláàsì wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Onígò, o jọ ọlọ́ṣà ojú omi olójú kan." Ó wọlé. Ó jókòó wákàtí méjì.

Ẹtì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ojú ọjọ́ mọ́. Ojú òsì ṣì ń ṣú díẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, ojú kan ló ń béèrè.

Èmi ni ẹnì kẹta. Gíga ló wà nídìí ọ̀pá lọ́hùn-ún, ọgọ́rin mítà sí mi. Mo bọ́ awò mi, mo fi sápò. Gbogbo pápá di ìkùukùu aláwọ̀ ewé. Mo tẹ̀ba, mo mú òrùka náà.

"Ẹ wò ó, ó ń yí i o!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi.

Olùkọ́ wa ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Mo yí i, ó burú sí i. Mo yí i sódìkejì, mo rọra ń yí i lọ, ó ju ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti yí i dé rí. Lójijì, ìlà dúdú méjì tó dábùú ara wọn yọ, ó já geere bí òwú aláǹtakùn. Mo wá ọ̀pá, mo rí i. Pupa àti funfun, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró bí ẹni tó wẹ̀ tán. Mo ka tèmi nínú ọkàn. Mo tún un kà.

Mo wá gbé ojú sókè díẹ̀ lára ọ̀pá náà, mo rí ọwọ́ Gíga. Èékánná ẹ̀ kan dúdú. Mo rí ẹnu ẹ̀. Ẹnu náà ń mira. Ó ń kọrin! Ó rò pé òun nìkan wà lọ́hùn-ún, ó di ojú, ó ń mi orí, ó ń kọ ọ́ tọkàntọkàn, èmi nìkan ni mo sì ń rí i ní gbogbo ayé.

"Ka tirẹ̀," olùkọ́ wa wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Mo dúró kí Gíga parí ẹsẹ orin náà. Lẹ́yìn náà ni mo pe nọ́ńbà náà sókè, ó sì lajú.